Ìgbà tí wọ́n mú iná lọ: bí mo ṣe to fọ́tò àti fídíò ọgọ́rin ọdún Màmá sójú aago kan

Iṣẹ́ yìí, January 2020 ni mo ṣe é, ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn ayẹyẹ, mo ń kọ nóòtù sí i bí mo ṣe ń ṣe é lọ. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kà yìí, nóòtù yẹn náà ni, mo kàn yọ èpè kúrò nínú ẹ̀ ni.

Màmá wa àgbà ló pé ọgọ́rin ọdún. A ṣe é n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, 28 December 2019, gbogbo ẹbí ló sì pé síbẹ̀. Bọ̀dá mi tó ń gbé London gbé kámẹ́rà àti iPhone wá, Àǹtí wa tó wà ní Houston gbé kámẹ́rà tiwọn, fótògíráfà tá a sanwó fún wà níbẹ̀, èmi náà mú Android mi dání, Àǹtí mi kan tún jókòó sídìí tábìlì ẹ̀bùn pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, wọ́n ń tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó mú nǹkan wá sínú Excel kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ò dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ tán, wọ́n kó fáìlì tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì lé mi lórí, wọ́n ní ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà, bá wa tò ó tẹ̀léra, Màmá fẹ́ wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní kí ló le ńbẹ̀. Mo da gbogbo ẹ̀ sínú fódà kan, mo ní kó fi ọjọ́ àti aago tò ó, mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo pe Màmá.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Màmá fi ní kí n dá a dúró. "Àlàárì ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ni mo tó lọ wọ sányán. Báwo ni mo ṣe wá wọ sányán kí n tó wọ àlàárì?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú fódà tèmi, a gé kéèkì láàárọ̀ kùtù, àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lọ́sàn-án, gbogbo fọ́tò fótògíráfà sì jókòó síwájú pátápátá, January 2013. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iná tí Màmá sọ yẹn wà lọ́kàn yín, torí òun ló padà gbà mí.

Ọjọ́ kìíní: Houston

Ti Àǹtí Houston ni mo kọ́kọ́ mú torí tiwọn ló hàn jù. Kéèkì tá a gé lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, kámẹ́rà wọn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni, nígbà yẹn Màmá ò tíì wẹ̀. Fọ́tò máa ń gbé aago sínú ara ẹ̀, EXIF ni wọ́n ń pè é, báyìí ló ṣe ń kọ ọ́: 2019:12:28 08:31:07. Kámẹ́rà àtijọ́ bíi tiwọn ò ní ibi kankan tó ti máa sọ pé aago ìlú wo nìyẹn, ohun tẹ́ ẹ bá ti yí i sí náà ló máa kọ. Ní December, Houston fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń wọn tiwọn, àwa ní Nàìjíríà fi wákàtí kan wà níwájú ẹ̀, méje nìyẹn. Irinṣẹ́ tí mo fi tún EXIF náà ṣe ni ExifTool, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dára:

exiftool "-AllDates+=7" houston/

Mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ pé òun ti ṣe é. Èmi náà bá ń ṣiyèméjì, ṣé ó ṣe é báyìí àbí kò ṣe é, mo tún tẹ̀ ẹ́. Kéèkì bọ́ sí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́. Ohun tó yọ mí ni pé ExifTool máa ń fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ pamọ́, ó máa fi _original sẹ́yìn orúkọ fáìlì, tó o bá sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì kì í tẹ èyí tó ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Mo fi -restore_original dá gbogbo ẹ̀ padà, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, mo dìde lọ mu omi.

Bọ̀dá London, mo pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní lásìkò òtútù London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Nàìjíríà, pé kí n fi wákàtí kan kún ti kámẹ́rà àwọn. Mo fi kún un. Àṣìṣe ni, àmọ́ mi ò mọ̀ títí dọjọ́ kẹrin.

Ọjọ́ kejì: iPhone kan, aago méjì

Èyí dà mí lọ́kàn rú gan-an. iPhone Bọ̀dá ti yí aago ara ẹ̀ sí ti Nàìjíríà látìgbà tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, kò yẹ kó ní wàhálà kankan. Síbẹ̀ fọ́tò tí wọ́n yà ní 15:08, fídíò tí wọ́n ká tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀ ní 14:08 lòun wà. Fóònù kan náà, ọwọ́ kan náà!

Ohun tó fà á nìyí: fọ́tò ń kọ aago ìlú tẹ́ ẹ wà, ṣùgbọ́n fáìlì fídíò, MOV àti MP4, nọ́ḿbà kan ló ń gbé sínú ara ẹ̀, iye sẹ́kọ́ńdì tó ti kọjá láti 1 January 1904, UTC sì ni. 1904 o! Láti ọ̀dọ̀ QuickTime, ètò fídíò àwọn Apple, ló ti wá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di ti Unix, ìkà sẹ́kọ́ńdì tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò, tó ń kà láti 1 January 1970, ẹ yọ 2082844800 kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ wá fi wákàtí kan kún un kó lè di tiwa. Kámẹ́rà míì wà tó jẹ́ pé aago ìlú náà ló máa kọ síbẹ̀ dípò UTC, ti Houston ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má gba ohun tí ìwé òfin fáìlì sọ gbọ́, ẹ dán an wò fúnra yín.

Ọjọ́ kẹta: WhatsApp

Fọ́tò tí àwọn ẹbí fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù pọ̀ ju gbogbo ẹ̀ lọ. Orúkọ wọn máa ń rí bí IMG-20191228-WA0047.jpg, ọjọ́ wà ńbẹ̀, aago ò sí, WhatsApp sì ti fọ EXIF inú ẹ̀ dànù. Àmọ́ aago tí wọ́n wọlé wà nínú databéèsì WhatsApp fúnra ẹ̀. Android tèmi mo ti rúùtù ẹ̀, ìyẹn ni pé mo ti ṣí ibi tí wọ́n tì pa nínú ẹ̀, mo yọ msgstore.db jáde. Ti iPhone, mo ṣe bákọ́ọ̀pù ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo wá ChatStorage.sqlite kàn nínú ẹ̀.

Mo wá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú méjèèjì. Bùrọ̀dá kan ló kọ ọ́ sí gúrúùpù lọ́jọ́ náà: "Wọ́n ti mú iná o, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ dà?"

Nínú Android: 1577542385000
Nínú iPhone: 599235185

Mo fi ti iPhone sínú Python, èdè tí mo fi ń kọ kóòdù, bí ẹni pé sẹ́kọ́ńdì Unix ni, ó ní 27 December 1988. WhatsApp ò tíì dáyé nígbà yẹn, èmi gan-an ò tíì dáyé. Mo fi ti Android sí i bákan náà, ó mú mi lọ sí ọdún 51960, Python fúnra ẹ̀ kọ̀, ọdún 9999 ló máa ń dé dúró, ibòmíì ni mo ti ṣírò ẹ̀.

Ti Android rọrùn, mílísẹ́kọ́ńdì ni, ẹ mú òdo mẹ́ta ẹ̀yìn kúrò. Nọ́ḿbà mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15, 16 tàbí 17, sẹ́kọ́ńdì Unix ti ayé ìsinsìnyí ni, tó bá jẹ́ mẹ́tàlá, mílísẹ́kọ́ńdì ni. Ti iPhone ni mi ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Dípò kí n lọ máa bi èèyàn, mo ní ẹ jẹ́ kí n yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì: 1577542385 yọ 599235185, ó ku 978307200. Mo mú ọ̀rọ̀ míì, mo yọ ọ́, 978307200. Mo mú ìkẹta, òun náà ni. Ó túmọ̀ sí pé bí wọ́n ṣe ń kà á ò yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀. Mo pín in sí 86400 tó jẹ́ iye sẹ́kọ́ńdì inú ọjọ́ kan, ó jẹ́ 11323 gééré, kò ṣẹ́kù. Ọjọ́ 11323 lẹ́yìn 1 January 1970 ni 1 January 2001. Ibẹ̀ ni Apple ti ń ka tiwọn. Mo rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá bí ẹni tó rí owó he.

(Ẹ má rò pé 1970 yẹn ti ọ̀run wá o. Unix àkọ́kọ́ pàá, láti 1 January 1971 ló ti ń kà, kì í sì í ṣe sẹ́kọ́ńdì, ìdá ọgọ́ta sẹ́kọ́ńdì ló ń kà. Nọ́ḿbà bit 32 ò lè gba ìyẹn ju ọdún méjì àti díẹ̀ lọ kó tó kún, ni wọ́n bá yí i padà.)

Ọjọ́ kẹrin: láptọ́ọ̀pù tábìlì ẹ̀bùn

Títí dìgbà yìí, gbogbo ohun tí mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ àbá ni. Mi ò ní ohun kan tí mo lè fi lé gbogbo aago yìí lẹ́jọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ Màmá sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n mú iná lọ! Gbogbo fídíò tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn ló ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, fáànù dúró, máìkì kú sí MC lẹ́nu, gbogbo ènìyàn ní háà. Kò sí kámẹ́rà tí kò rí i. Àfi kí n mọ aago tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Láptọ́ọ̀pù Àǹtí tábìlì ẹ̀bùn ń gba iná lára ògiri lọ́jọ́ yẹn. Windows máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà bá bọ́ láti orí iná sórí bátìrì, ó wà nínú Event Viewer, Kernel-Power, ID 105. Mo lọ gba láptọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ wọn, mo wá a, ó wà ńbẹ̀: 28 December, 14:12:40 UTC, 3:12 ọ̀sán tiwa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ni wọ́n so ó mọ́ lọ́jọ́ náà, aago ẹ̀ péye. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí Bùrọ̀dá kọ sí gúrúùpù, sẹ́kọ́ńdì 25 lẹ́yìn ìgbà yẹn ni. Fídíò iPhone, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibi tó ti ṣókùnkùn nínú ẹ̀, sẹ́kọ́ńdì kan ló fi yàtọ̀. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ti fẹnu kò.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kó gbogbo ìgbà tí iná lọ tó dé jáde, mo fi PowerShell, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, yọ ọ́, mo ní kó fún mi ní FILETIME, nọ́ḿbà tí Windows ń lò nínú ara ẹ̀, iye ìgbà tí nanosẹ́kọ́ńdì ọgọ́rùn-ún ti kọjá láti 1 January 1601. Èyí tó jáde ni 132220159600000000. Kí n tó fi Python kà á, mo ṣí CSV náà, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí mo kó o sí, nínú Excel kí n kàn fojú wò ó. Ẹ wo ọwọ́ mi. Mo tẹ Save.

Nígbà tí Python kà á, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, láti àárọ̀ tí wọ́n tan láptọ́ọ̀pù títí dìgbà tí wọ́n pa á, 10:46:40 àárọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Iná lọ ní 10:46:40, iná dé ní 10:46:40. Excel ti sọ nọ́ḿbà mi di 1.3222E+17, ó sì fi pamọ́ bẹ́ẹ̀ sínú CSV, ohun tó kù lẹ́yìn náà ò lè ya àárọ̀ sọ́tọ̀ sí alẹ́ mọ́. Excel ò tiẹ̀ lè di ju nọ́ḿbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mú dáadáa, méjìdínlógún sì lèyí. Mo tún un yọ, mi ò jẹ́ kí Excel fojú kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ yọ 116444736000000000 kúrò, ẹ pín in sí 10000000, ó ti di Unix.

Èmi àti Excel ò sì tíì parí ọ̀rọ̀, torí ìwé ẹ̀bùn náà wà. Ibi tí Àǹtí tẹ aago sí, àwọn kan jáde bíi 43827.6338. Ọjọ́ ni Excel ń kà, kì í ṣe sẹ́kọ́ńdì, ohun tó wà lẹ́yìn ojúàmì ni ìdá ọjọ́ náà. Bó ṣe ń kà á sì dà bí ìgbà tí àwa ń ka ọjà ọrún tàbí ìtàdógún, tá a máa ń ka ọjọ́ tá a bẹ̀rẹ̀ gan-an mọ́ ọn: 1 January 1900 ni ọ̀kan, kì í ṣe òdo. Ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni pé ó gbà pé 29 February 1900 wà, ọjọ́ tí kò sí láyé, àṣìṣe Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò tó ṣáájú Excel, ni Excel mọ̀ọ́mọ̀ gbé wálé kí fáìlì wọn lè bára mu. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ yọ 25569 kúrò, kẹ́ ẹ fi 86400 ṣe ìlọ́po ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rántí pé aago ìlú ló kọ, ẹ yọ 3600 kí UTC tó jáde.

Torí náà ìgbà kan ṣoṣo tí iná lọ yẹn, bó ṣe rí lẹ́nu gbogbo wọn nìyí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri títí iṣẹ́ fi parí:

Unix: 1577542360
Android: 1577542360000
Apple: 599235160
Fídíò: 3660387160
Windows: 132220159600000000
Excel: 43827.633796

Ìdájọ́

Ẹ rántí Bọ̀dá London tó ní kí n fi wákàtí kan kún un. Nínú fídíò kámẹ́rà wọn, lẹ́yìn tí mo ti fi kún un, iná lọ ní 16:09:20. Ó fi ìṣẹ́jú 56 àti sẹ́kọ́ńdì 40 ṣáájú. Mi ò mọ irú ìyàtọ̀ radaràda tíyẹn jẹ́, àfìgbà tí mo bi wọ́n pé nígbà wo lẹ yí aago kámẹ́rà yìí gbẹ̀yìn. Wọ́n ní ṣé wọ́n máa ń yí i ni? Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọn ò ti fọwọ́ kàn án. London ti dá aago padà ní 27 October 2019, kámẹ́rà ò gbọ́, ó ṣì wà lórí aago ẹ̀ẹ̀rùn, aago ẹ̀ẹ̀rùn London sì bá ti Nàìjíríà dọ́gba. Kámẹ́rà yẹn kò jẹ̀bi kankan, ó kàn ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogún sẹ́kọ́ńdì lọ́ lẹ́yìn ni. Mo dá wákàtí wọn padà, mo fi 3:20 kún un.

Houston fi sẹ́kọ́ńdì 65 sáré jù. Kíákíá nìyẹn.

Fótògíráfà ni ò jẹ́ kí n sùn lóru. Bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago nínú kámẹ́rà ẹ̀ ti kú, bó bá ti yọ bátìrì ńlá, aago á padà sí 1 January 2013, òru gànjọ́. Ó sì pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yẹn, torí náà fọ́tò àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ gun ara wọn lórí. Nọ́ḿbà DSC tó wà lórúkọ fáìlì kò padà sẹ́yìn ní tiẹ̀, òun ni mo fi ya wọ́n sí méjì. Apá kìíní, mo rí fọ́tò kan tí gbọ̀ngàn mọ́lẹ̀ rekete, èyí tó tẹ̀lé e, tọ́ọ̀ṣì fóònù nìkan ló ń tàn, iná lọ láàárín méjèèjì. Apá kejì kò ní iná tó lọ nínú. Mo wá wo fídíò kéèkì lára iPhone, mo rí i pé fúláàṣì fótògíráfà ń bù yẹ̀rì bó ṣe ń yà á, ìgbà tí Màmá ti ọ̀bẹ bọ kéèkì ó bù lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, fọ́tò mẹ́ta náà sì wà lọ́wọ́ mi. Ó tán.

Ìṣẹ́jú 46

Mo ti rò pé ó parí. Mo kọ kóòdù ìkẹyìn, gbogbo ẹ̀ di sẹ́kọ́ńdì Unix, kó wá tún fi aago Nàìjíríà hàn mí. Ni aago fọ́tò kámẹ́rà bá fi ìṣẹ́jú 46 sáré ju ti fídíò lọ. Gbogbo wọn! Wákàtí kan ì bá yé mi, kí ni ti 46?

Pytz ni, irinṣẹ́ tí Python fi ń mọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan. Mo kọ tzinfo=pytz.timezone('Africa/Lagos') tààrà, tẹ́ ẹ bá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, aago àkọ́kọ́ tó bá wà nínú ìwé ìlú yẹn ló máa gbé fún yín. Ti Èkó, aago oòrùn ni, ti kí ìjọba tó sọ pé wákàtí kan gééré: ìṣẹ́jú mẹ́tàlá àti sẹ́kọ́ńdì díẹ̀ ló fi wà níwájú Greenwich, torí bí Èkó ṣe jìnnà sí i níhà ìlà oòrùn, pytz wá sọ ọ́ di mẹ́rìnlá. Ọgọ́ta yọ mẹ́rìnlá, ẹ ti rí 46. Láti September 1919 lá a ti wà lórí wákàtí kan, Màmá gan-an ò bá aago oòrùn yẹn láyé, kóòdù mi ló lọ gbé e wá síbi ayẹyẹ wọn. Mo lo localize() dípò ẹ̀, ó bọ́ sípò.

Orúkọ fáìlì, mo sọ gbogbo ẹ̀ di irú èyí: 20191228T151240+0100_houston_0412.jpg. Mi ò fi kólọ́ọ̀nù sí i torí Windows ò gbà á nínú orúkọ fáìlì, +0100 sì wà ńbẹ̀ kí ẹni tó bá ṣí i lọ́jọ́ iwájú, ní London tàbí ní Houston, má tún máa ṣírò.

Fọ́tò mọ́kànlá ló ṣẹ́kù tí kò sí nínú databéèsì kankan, ẹnìkan ló fi wọ́n ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Mo gbé wọn lọ bá Màmá, wọ́n ń wo aṣọ, wọ́n ń sọ pé èyí ṣáájú, èyí tẹ̀lé e. Ọ̀kan wà tí sányán wà lọ́rùn wọn tí gèlè àlàárì ṣì wà lórí. Wọ́n wò ó pẹ́. "Mo ti ń pààrọ̀ aṣọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n wé gèlè tán." Mo fi sí 16:04.